Kí A Tó Ra Ilé Tó Ti Pẹ́ ní Kàdúná

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ilé rírà. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ ní Kàdúná níhìn-ín kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń kàn ni mo fẹ́ bá wa sọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọ́lé sí ìlú bàbá rẹ̀, tó sì tún ń san owó ilé níhìn-ín láti ogún ọdún wá. Ilé tó wà lọ́hùn-ún, ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésì nìkan la fi ń sùn nínú rẹ̀. Kò burú, ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ní ilé tirẹ̀ ní Kàdúná lóde òní, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta simẹ́ǹtì àti irin, agbára rẹ̀ kì í sábà ká kí ó ra ilẹ̀ kí ó sì kọ́ ọ ní tuntun. Ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ ní ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún sẹ́yìn ló máa ń rí rà, ní Barnawa, ní Narayi, ní Sabon Tasha, ní Kawo tàbí ní Kakuri. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dára gan-an. Àgbàlá wọn a máa fẹ̀, igi eléso a ti dàgbà níbẹ̀, ilé náà a sì ti jókòó sórí ilẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ni ilé tó ti pẹ́ ṣe rí, kò sí èyí tí kò ní ìtàn. Ẹni tí kò bá béèrè ìtàn náà kó tó rà á ni yóò san owó rẹ̀ lẹ́yìn tó bá rà á tán.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé, ẹ má ṣe fi ojú ẹni tó fẹ́ kó wọ̀ ọ́ nìkan wò ó. Ẹ fi ojú ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín wò ó. Ilé tí a kò bá lè tún tà kì í ṣe ohun ìní, ẹrù ni.

ÌDÍ TÍ MO FI SỌ BẸ́Ẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé ẹ̀yìn odi. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìgbẹ́tì, ọmọ Ìgbòho, ló di ẹrù padà sílé. Àwọn mìíràn fi ilé àti ìsọ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn tà á ní ọ̀pọ̀.

Níhìn-ín náà, àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà. Lẹ́yìn ìjà náà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó ń gbé gúúsù odò kó lọ sí àríwá, ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ tó ń gbé àríwá kó lọ sí gúúsù. Àwa Yorùbá, tí a ní ẹlẹ́sìn méjèèjì nínú agbo ilé kan náà, ọ̀rọ̀ náà kàn wá níhà méjèèjì. Ẹni tí ìwé ilé rẹ̀ pé rí i tà tàbí kí ó fi ṣe pààrọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé tákàdá tí Mai Unguwa fọwọ́ sí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dá lé e ló ní láti gbà.

N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà wá o. Ìlú yìí ti gbà wá, a ti bímọ síbẹ̀, a ti sin òkú síbẹ̀. Kì í sì í ṣe ìjà nìkan ló ń mú ni ta ilé. Wọ́n lè gbé iṣẹ́ ẹni lọ sí ìlú mìíràn. Àìsàn lè dé. Owó ilé ẹ̀kọ́ gíga ọmọ lè dé. Onílé lè kú kí àwọn ọmọ fẹ́ pín ogún. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Mo fẹ́ mú un ní ìpele mẹ́rin, láti orí èyí tí kò ná wa lówó dé orí èyí tó gba owó: àdúgbò, ilé fúnra rẹ̀, ìwé ilé, àti iye tó yẹ kí a san.

ÈKÍNÍ: ÀDÚGBÒ

A lè tún ilé ṣe, a kò lè dá àdúgbò tún ṣe. Nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó kéré tán.

Kí ìgbà kìíní jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láàrin aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ yín tàbí sí ọjà. Odò ló pín ìlú wa sí méjì. Ẹni tó ń gbé apá kan tó sì ń ṣòwò ní apá kejì, orí afárá ni yóò máa gbà lójoojúmọ́. Kí ẹ mọ iye wákàtí àti iye owó ọkọ̀ tí yóò gbà yín.

Kí ìgbà kejì jẹ́ alẹ́. Ṣé iná wà? Ṣé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ àdúgbò, èló ni onílé kọ̀ọ̀kan sì ń dá lóṣù? Ṣé ilé ọtí tàbí ẹ̀rọ ọlọ ló wà lẹ́yìn ògiri yàrá? Ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ilé tí ẹ kò bá lè sùn nínú rẹ̀, ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ yín náà kò ní lè sùn.

Kí ìgbà kẹta jẹ́ ẹ̀yìn òjò ńlá, pàápàá ní oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án. Odò Kàdúná a máa kún kọjá etí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ìtòsí Kigo Road, Kabala, àti apá Barnawa tó sún mọ́ odò mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó ń ta ilé nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò fi hàn yín. Bí ẹ kò bá lè dúró de òjò, ẹ wo ara ògiri bóyá ìlà omi wà níbẹ̀, ẹ wò ó níta, ẹ wò ó nínú, ẹ wò ó lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn kò kùn. Ẹ sì wo ilé àwọn aládùúgbò. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo wọn ló fi simẹ́ǹtì ṣe ìdènà sí ẹnu ọ̀nà, ẹ ti mọ ohun tó ń bá wọn jà.

Àmì kan tún wà tí kò purọ́ rí: àwọn mai ruwa. Bí ọmọlanke oníjẹ́ríkáànù bá ń wọ àdúgbò láàárọ̀ lálẹ́, ẹ mọ̀ pé omi ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ rí ẹnu ẹ̀rọ nínú ilé náà. Bí wọ́n bá ní kànga wà, ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí omi bá fà jù. Kànga tó bá ní omi nígbà náà ni kànga.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè pé: kí ni àdúgbò yìí ń jẹ? Ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ti ilẹ̀kùn ní 2002. United Nigerian Textiles náà ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 2007. Ẹni tó kọ́ ilé oníyàrá púpọ̀ sí Kakuri tàbí Makera, tó ń retí owó ilé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé àdúgbò ró, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá wó ni iye ilé yóò wó. Àdúgbò tí ọjà, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti onírúurú iṣẹ́ jọ wà nítòsí rẹ̀ kì í tètè kú.

Ẹ wo ara ògiri àti fẹ́ǹsì àwọn ilé tó yí i ká. Bí ẹ bá rí àmì X pupa, ẹ dúró kí ẹ béèrè lọ́dọ̀ KASUPDA, àwọn tó ń rí sí ètò ilé ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ má ra ilé tó wà lábẹ́ wáyà iná ńlá, tàbí lórí ọ̀nà páìpù epo, tàbí lójú ọ̀nà omi, tàbí lórí ilẹ̀ réluwéè, bó ti wù kí ó dẹwọ́ tó.

Níparí èyí, ẹ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń tà á, kì í sì í ṣe dílálì tí yóò gba ọ̀yà. Ẹ jókòó lọ́dọ̀ ìyá alákàrà, ẹ jókòó lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń ta ilé náà àti iye ènìyàn tó ti wá wò ó tó sì padà lọ.

ÈKEJÌ: ILÉ FÚNRA RẸ̀

Ẹ mú bíríkìlà, káfíńtà àti oníṣẹ́ iná tiyín lọ, ẹ san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún wọn. Ẹ má ṣe lo ti ẹni tó ń tà á.

Bí ilé tó ti pẹ́ bá ní ọ̀dà tuntun, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọ̀dà náà ń bò. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níhìn-ín ló jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, tí wọ́n wá fi simẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Ẹ kò ní mọ̀ láti ìta. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà gun òkè àjà. Àwọn tó kọ́lé kì í sábà rẹ́ ògiri tó wà lókè àjà, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá amọ̀ ni tàbí simẹ́ǹtì. Ilé amọ̀ kò burú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n iye owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ti simẹ́ǹtì dọ́gba.

Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo sísán ògiri ló léwu. Èyí tó rí bí irun orí, tó wà lára rírẹ́ nìkan, kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó dá gẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé lọ sókè tàbí sílẹ̀, tí ẹ rí nínú tí ẹ tún rí níta, tí ẹ lè ti etí owó ẹyọ bọ̀, ìpìlẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn kí ẹ sì tì í. Bí ilẹ̀kùn mẹ́ta bá ń ha ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀kùn mọ́.

Ní ti òrùlé, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ. Ẹni tó gun òkè àjà yóò rí ihò páànù bí ìràwọ̀. Ẹ wo àjà fún àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn; bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́, ikán ti jẹun tán níbẹ̀. Àjà ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1970 sí 1990 jẹ́ asbestos. Bí ó bá wà lódindi kò ní ṣe yín ní nǹkan, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fọ́ ọ tàbí rẹ́ ẹ a máa fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá máa yọ ọ́, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi láìfọ́ ọ, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ ka iye tí yóò ná yín mọ́ owó ilé.

Kí oníṣẹ́ iná ṣí bọ́ọ̀dù wò. Wáyà tó ti lo ogójì ọdún nínú ògiri, ará ìgbà tí fìríìjì kan àti tẹlifíṣọ̀n kan wà nínú ilé ni. Ẹ béèrè ìwé owó iná tó gbẹ̀yìn, nítorí gbèsè iná a máa tẹ̀lé ilé. Ẹ béèrè ibi tí sọ́kàwéè wà, kí ẹ wọn àárín òun àti kànga, ti ilé náà àti ti aládùúgbò. Ìmọ̀ràn tí a máa ń gba onílé ni kí ó tó nǹkan bíi mítà 30.

ÈKẸTA: ÌWÉ ILÉ

Láti ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹ̀tọ́ láti gbé orí rẹ̀ ni a ń rà. Abala 22 òfin náà sọ pé ẹni tó ní ìwé Gómìnà kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìfọwọ́sí Gómìnà ṣáájú. Nítorí náà, rìsíìtì dílálì àti ẹ̀rí Mai Unguwa dára láti ní, ṣùgbọ́n wọn kò tó.

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé náà, ẹ gbé e fún lọ́yà tiyín, kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní KADGIS. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ orúkọ tó wà lórí rẹ̀, bóyá wọ́n ti fi yá owó ní báǹkì, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, àti iye owó ilẹ̀ ọdọọdún tí wọ́n jẹ ìjọba. Ẹ wo ọjọ́ orí ìwé náà pẹ̀lú, torí pé iye ọdún kan pàtó ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún ènìyàn ní 1980 fún ọdún 99 ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún níwájú. Bí ó bá jẹ́ ogójì ọdún ni wọ́n kọ sínú rẹ̀, ó ti tán ní 2020. Bí ìwé ìjọba ìbílẹ̀ ni, kì í ṣe ìwé lásán, ṣùgbọ́n ẹ ka owó tí ẹ ó fi sọ ọ́ di ti ìpínlẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ wá òkúta ààlà. Fẹ́ǹsì ilé àtijọ́ a máa rìn wọ ilẹ̀ ẹlòmíràn. Bí ìsọ̀ tàbí yàrá tí wọ́n fi kún un bá wà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀.

Bí ẹni tó ni ilé bá ti kú, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ láti kóòtù, tàbí ìwé pípín ogún láti kóòtù Ṣàríà bí Mùsùlùmí ni. Gbogbo àwọn tó jogún ún ni kí wọ́n fọwọ́ sí i, àti obìnrin àti ọkùnrin, àti opó tó ṣì ń gbé inú rẹ̀. Àbúrò kan tó wà lókè òkun lè dé lọ́dún mẹ́wàá òní kí ó ní òun kò mọ̀ sí i. Bí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ mọ ọjọ́ tí owó wọn tán, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò ní kí wọ́n kó jáde.

Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kí ìyẹ̀wò tó parí. Báǹkì ni kí owó gbà kọjá, sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ẹ̀yin ọkọ, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ ìyàwó yín mọ́ tiyín, ẹ fi ibi tí ìwé wà hàn án. Ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo mọ ibi tó wà, bí ó bá kú, ó ti di ohun ìjà àwọn ẹbí.

ÈKẸRIN: IYE TÓ YẸ KÍ A SAN

Iye tí ẹni tó ń ta ilé pè kọ́ ni iye ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ó ní mílíọ̀nù 25 náírà ni òun fẹ́. Bíríkìlà, káfíńtà àti oníṣẹ́ iná yín ṣírò pé òrùlé yóò gba mílíọ̀nù 4, wáyà mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀, sọ́kàwéè àti kànga mílíọ̀nù 2, ìwé mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 9. Èyí túmọ̀ sí pé mílíọ̀nù 34 ni ilé náà yóò ná yín, kì í ṣe 25. Bí ilé tó pé pérépéré ní òpópónà kan náà bá ń lọ ní mílíọ̀nù 30, mílíọ̀nù 21 ni ó pọ̀ jù tí ẹ lè san. Ẹ gbé ìṣirò náà síwájú ẹni tó ń tà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá gbà, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ẹ má sì fi gbogbo owó ọwọ́ yín ra ilé tó nílò àtúnṣe. Òjò tó ń bọ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ló yẹ kó mú ni yí padà lẹ́nu ọ̀nà: ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ yẹ ìwé wò, ẹni tí kò fẹ́ kí bíríkìlà yín gun òkè àjà, àti ẹni tó ní kí ẹ sanwó lónìí torí pé ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bó ti wù kí ìyà ayálégbé ti jẹ wá tó, ẹ má jẹ́ kí a fi ìkánjú ra ìyà onílé.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, a ní bíríkìlà, a ní káfíńtà, a ní oníṣẹ́ iná, a ní lọ́yà. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí a yan ènìyàn mẹ́rin tí yóò máa bá ọmọ ẹgbẹ́ lọ wo ilé kí ó tó rà á, kí ọmọ ẹgbẹ́ náà san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ wọn. Iye tí a ń dá fún ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti lù ní jìbìtì ju èyí lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ojú ti opó tàbí ọ̀dọ́ láti pe àwọn ènìyàn náà. Torí irú wọn gan-an la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Mo gbà á ládùúrà pé Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a kọ́lé, yóò jẹ́ kí a ra ilé, yóò sì jẹ́ kí a fi ìdùnnú gbé inú rẹ̀. Ilé tí a bá rà kò ní di ẹjọ́ sọ́rùn àwọn ọmọ wa.